Orí Kẹfà: Ìgbà Tí Igi Kò Wọlẹ̀

Àwọn àgbà Oǹdó ní ìtàn kan tí wọ́n fi ń sọ bí ìlú wọn ṣe dúró síbi tó wà. Wọ́n ní nígbà tí Pupupu, obìnrin tó kọ́kọ́ jẹ Ọ̀ṣemàwé, àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń rìn kiri inú igbó, Ifá sọ fún wọn pé kí wọ́n máa gún igi iṣu mọ́lẹ̀ níbi gbogbo tí wọ́n bá dé. Ibi tí igi náà bá ti kọ̀ tí kò wọlẹ̀, ibẹ̀ ni kí wọ́n tẹ̀dó sí. Wọ́n rìn, wọ́n gún un, ó wọlẹ̀; wọ́n tún gbéra. Ó di ibì kan, wọ́n gún un, ilẹ̀ kò gbà. Ibẹ̀ ni wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ìlú náà ní Ekìmọ̀gún títí dòní: igi kò gún ilẹ̀.

Ohun tí wọn kò ṣe nínú ìtàn yìí ló ń wù mí jù. Wọn kò wá òkúta fi lu igi náà wọlẹ̀. Wọn kò bú ilẹ̀. Ilẹ̀ ti sọ tirẹ̀. Ó ku ohun tí àwọn fúnra wọn máa ṣe. Wọ́n ṣán igbó, wọ́n kọ́lé, wọ́n gbin iṣu.

Nínú ọ̀pọ̀ àárẹ̀ tí à ń gbé kiri ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó lónìí, nǹkan méjì la dà pọ̀: ohun tó jẹ́ ti ilẹ̀ àti ohun tó jẹ́ tiwa. A ń fi gbogbo okun gún ilẹ̀ tí kò gbà, nígbà tí ara wa, ahọ́n wa àti ọwọ́ wa, tó yẹ ká máa darí, wà láìní olùtọ́jú. Ìkóra-ẹni-níjàánu ni orí yìí dá lé: ohun tó jẹ́, ohun tó ń ṣe nínú ara, àti bí a ṣe lè kọ́ ọ.

Iye kòkó kò sí lọ́wọ́ àgbẹ̀

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lóko, nítorí ìpínlẹ̀ Oǹdó ló wà níwájú nínú kòkó ní Nàìjíríà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tọ́ọ̀nù kòkó kan jẹ́ nǹkan bí 2,600 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Nígbà tí oṣù Kẹta ọdún 2024 ń parí lọ, ó kọjá 10,000 dọ́là fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, ó lé ní 12,000. Kí ọdún 2025 tó parí, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì iye yẹn. Òjò àti àrùn tó ba kòkó jẹ́ ní Ghana àti Côte d'Ivoire ló gbé e gòkè, àwọn oníṣòwò London àti New York ló ń fi ẹnu ra á lọ ra á bọ̀. Láti ọdún 1986 tí ìjọba ti tú ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ká, kò tún sí ẹnì kan tó ń dá iye sọ fún gbogbo oko mọ́. Àgbẹ̀ tó wà ní Oǹdó tàbí Ìdànrè kò sí nínú ìpàdé kankan tí wọ́n ti ń pinnu iye wọ̀nyí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà òjò, àrùn kan máa ń mú èso kòkó, á sọ ọ́ di dúdú, omi òjò á sì gbé e láti orí èso kan dé òmíràn. Àgbẹ̀ tó ń wọ oko lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tó ń já èyí tó ti dúdú kúrò lórí igi, tó ń rẹ́ ẹ̀ka kí oòrùn àti afẹ́fẹ́ lè wọlé, yóò kórè ju ẹni tó jókòó ti rédíò lọ. Òun ló máa pinnu bóyá èyí tó pọ́n nìkan ni òun máa já. Òun ló máa pinnu bóyá òun á bò ó mọ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ 5 sí 7 kí ó gbóná kí ó sì kan dáadáa, tàbí òun á kánjú sá a lọ́jọ́ kejì. Òun náà ló máa sá a títí yóò fi máa dún ṣaaraṣa lọ́wọ́. Nígbà tí kòkó wọ́n, iṣẹ́ yìí sọ ọ́ di ọlọ́lá. Nígbà tó já, iṣẹ́ yìí kan náà ni kò jẹ́ kó wọ gbèsè. Iye yí padà lẹ́ẹ̀mejì, ìwà àgbẹ̀ náà kò yí padà.

Ọkùnrin kan wà ní Róòmù ní ohun tó lé ní 1,900 ọdún sẹ́yìn tó ń jẹ́ Epictetus. Ẹrú ni, arọ sì ni. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, ó di olùkọ́, ohun tó sì fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ni pé kí èèyàn pín ayé sí ọ̀nà méjì: èyí tó wà ní ìkáwọ́ ẹni, bí èrò, ìpinnu àti ìṣe, àti èyí tí kò sí níbẹ̀, bí ohun ìní, ipò, àti ohun tí aráyé ń sọ nípa ẹni. Ní ọdún 1966, Julian Rotter, onímọ̀ ìhùwàsí ní Amẹ́ríkà, gbé ìbéèrè kalẹ̀ tí wọ́n fi lè wọn ibi tí oníkálukú gbà pé okùn ayé òun wà: ṣé lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀ ni, àbí lọ́wọ́ àyànmọ́ àti àwọn alágbára?

Àwa Yorùbá ti ní ìpín yìí tipẹ́. Àwọn baba wa gbà pé orí ni à ń yàn lọ́run, a kì í sì í pààrọ̀ rẹ̀ láyé. Síbẹ̀, n kò tíì gbọ́ ilé Yorùbá kan tí wọ́n ti gbà kí èèyàn fi orí ṣe àwáwí fún ìwà. Ẹni tó jalè kò lè sọ pé orí òun ló jalè. Orí là ń yàn, ìwà là ń hù. Orí là ń bọ, ìwà là ń kọ́.

Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́

Ní ọdún 2023, lẹ́yìn ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún tí ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, iye lítà epo bẹntiróòlù kan gbéra láti ìsàlẹ̀ 200 náírà dé nǹkan bí 500. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan láàrin àsìkò yẹn, mo tò sílé epo kan ní Àkúrẹ́ láti kùtùkùtù. Nígbà tó ku ọkọ̀ méjì kó kàn mí, ọ̀dọ́kùnrin kan gba ẹ̀gbẹ́ wá, ó sì ki orí ọkọ̀ rẹ̀ bọ iwájú mi. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti wà nílẹ̀, mo ti ń fi ọwọ́ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ohùn mi ti há. Wọ́n pín wa níyà. Mo ra epo náà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi gbọ̀n lórí sìtíárìn títí mo fi délé, orí sì fọ́ mi di alẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin yẹn ti gbàgbé mi kó tó dé òpin àdúgbò. Èmi ni mo gbé e wálé.

Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ara mi? Nínú ọpọlọ, lápá ìsàlẹ̀, ẹ̀yà kékeré kan wà lọ́tùn-ún àti lósì tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju kóró kòkó lọ. Amygdala ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti lu agogo ìdágìrì. Kì í dúró gbọ́ ẹjọ́: ejò lójú ọ̀nà àti ọkọ̀ tó já ìlà, agogo kan náà ló ń lù fún. Bí ó bá ti lù ú, ẹ̀yà kan tó wà lórí kíndìnrín yóò tú omi ara tó ń jẹ́ adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, iṣan ẹ̀jẹ̀ á fún, ẹ̀jẹ̀ á ru, ṣúgà á tú sínú ẹ̀jẹ̀ kí apá àti ẹsẹ̀ lè rí agbára jà tàbí sá. Láìpẹ́, omi ara kejì tó ń jẹ́ cortisol á tẹ̀ lé e, tirẹ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó rọlẹ̀.

Ẹ̀yìn iwájú orí gan-an ni ibi tí ọpọlọ ti ń wọn ọ̀rọ̀ wò wà. Ibẹ̀ la ti ń bi ara wa pé: bí mo bá ṣe èyí, kí ló máa tẹ̀yìn rẹ̀ wá? Nígbà tí àgbà bá sọ fún ọmọdé pé kó fi orí rò ó, kò jìnnà sí òótọ́. Ṣùgbọ́n apá yìí kì í yára tó agogo. Òun náà ló sì ń gbó kẹ́yìn nínú ọpọlọ; ó máa ń tó nǹkan bí ọmọ ọdún 25 kí ó tó parí ìdàgbàsókè rẹ̀. Ìdí kan nìyẹn tí ọmọ ọdún 17 fi lè mọ ohun tó tọ́ dáadáa kó sì ṣe òdìkejì rẹ̀. Gbogbo ìkóra-ẹni-níjàánu, àkókò kékeré tó wà láàrin agogo àti ọ̀rọ̀ ni: kí a lè dì í mú pẹ́ díẹ̀ kí iwájú orí lè dé.

Ohun tó ń bọ́ lọ́wọ́ wa nínú ìṣẹ́jú yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà kó àwọn ìwádìí tó ti wà nílẹ̀ lórí ìbínú jọ, wọ́n sì rí i pé láàrin wákàtí 2 tí èèyàn bá bínú gidigidi, ewu ìkọlù ọkàn lójijì fún un máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 5. Fún ẹni tí ara rẹ̀ le, ewu náà ṣì kéré. Fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru, tó sì ń bínú lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ìṣirò yẹn yàtọ̀. Ìbínú nìkan kọ́ ló ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru o: iyọ̀, ìsanra, ọtí, ọjọ́ orí àti ìran ẹni wà níbẹ̀. Ẹni tí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ń dé 140/90 léraléra gbọ́dọ̀ rí dókítà, kó sì lo oògùn rẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn tó wà ní Oǹdó ní ẹ̀ka ní Oǹdó àti ní Àkúrẹ́. Ilé ìwòsàn àdúgbò náà sì lè wọ̀n ọ́n fún yín. Bí a bá mọ iye tí ẹ̀jẹ̀ wa jẹ́, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ara wa.

Àkúrẹ́, oṣù Kẹjọ ọdún 1983

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan lè ṣẹlẹ̀ sí ìlú. Àwọn tó ti dàgbà ní Àkúrẹ́ kì í gbàgbé oṣù Kẹjọ ọdún 1983. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ìgbà yẹn tóbi ju ti ìsinsìnyí lọ, nítorí Èkìtì ṣì wà nínú rẹ̀. Michael Adékúnlé Ajáṣin ti ń ṣe gómìnà láti ọdún 1979 lábẹ́ ẹgbẹ́ UPN. Akin Ọmọ́boríowó, tó ti jẹ́ igbákejì rẹ̀, kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ sí NPN, ó sì bá a du ipò náà. Nígbà tí àjọ elétò ìdìbò, FEDECO, kéde pé Ọmọ́boríowó ló wọlé, ìgboro gbaná. Wọ́n sun ilé, wọ́n sun ọkọ̀, wọ́n pa èèyàn. Lára àwọn tí wọ́n pa ní Àkúrẹ́ ni Ọláìyá Fágbamígbé, olóṣèlú tó tún jẹ́ olùtẹ̀wé-jáde, ẹni tí ìwé ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ jáde dé ọwọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́.

Kí ọdún yẹn tó parí, ilé ẹjọ́ ti gbé ẹ̀rí yẹ̀ wò, wọ́n sì dájọ́ pé Ajáṣin ló wọlé. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, ìdájọ́ yẹn kò yí padà. Wọ́n búra fún un. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún náà gan-an, àwọn ológun gba ìjọba, ipò tí ẹgbẹ́ méjèèjì ń jà lé lórí pòórá lójú gbogbo wọn.

N kò sọ èyí kí n lè dá ìlú lẹ́bi. Ohun tó bí wọn nínú jẹ́ òótọ́. Ilé ẹjọ́ náà rí i pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà méjì tí ìbínú kan náà gbà. Àwọn kan gbé ìbínú wọn sínú ìwé ẹ̀rí, wọ́n dúró níwájú adájọ́, wọ́n sì gba ẹ̀tọ́ wọn padà. Àwọn kan gbé tiwọn sínú agolo epo. Ìdájọ́ àwọn ti àkọ́kọ́ ló yí èsì ìbò padà. Iná àwọn ti ìkejì kò yí ìbò kan ṣoṣo padà, kò sì sí ilé ẹjọ́ tó lè dá ẹ̀mí padà fún àwọn tó kú.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tí èdè wa lò fún ìkóra-ẹni-níjàánu. Ìjàánu ni irin tí à ń fi sẹ́nu ẹṣin. Nínú igbó tiwa yìí, ẹṣin kì í pẹ́ láyé, nítorí eṣinṣin tó ń jẹ́ tsetse máa ń kó àrùn ràn án. Ó jọ pé ọ̀dàn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí ẹlẹ́ṣin rí mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń fi ìjàánu sẹ́nu ẹṣin kí ẹṣin má bàa rìn. Ẹṣin tí a kò fẹ́ kó rìn, okùn la ń fi so ó mọ́ igi. Ìjàánu wà kí agbára ẹṣin lè lọ síbi tí à ń lọ. Ẹni tó kó ara rẹ̀ níjàánu kò pa ìbínú rẹ̀. Ó gùn ún.

Ọmọ, puff-puff, àti ìlérí

Ṣé ẹ̀bùn ni ìkóra-ẹni-níjàánu, àbí ẹ̀kọ́? Ní ìparí àwọn ọdún 1960, Walter Mischel ní Yunifásítì Stanford bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan tó lókìkí gan-an. Wọ́n á gbé ohun aládùn kan síwájú ọmọ kékeré, wọ́n á ní bí ó bá lè dúró títí àwọn á fi padà dé, yóò gba méjì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń sọ pé ọmọ tó bá lè dúró ni yóò ṣe dáadáa láyé. Nígbà tí àwọn mìíràn tún un yẹ̀ wò lọ́dún 2018 pẹ̀lú àwọn ọmọ tó pọ̀ sí i, wọ́n rí i pé bí a bá ti ka irú ilé tí ọmọ ti wá mọ́ ọn, agbára ìdánwò náà láti sọ ọjọ́ iwájú dín kù púpọ̀. Ohun tó wà nínú ọmọ àti ohun tó wà nínú ilé kò ṣe é yà sọ́tọ̀.

Ìdánwò kan tó súnmọ́ wa ló tún dùn mọ́ mi jù. Bettina Lamm àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé irú rẹ̀ lọ sáàrin àwọn Nso ní àríwá-ìwọ̀ oòrùn Cameroon. Àwọn ọmọ ọdún 4 ni wọ́n lò, puff-puff sì ni wọ́n gbé síwájú wọn. Nǹkan bí 7 nínú ọmọ Nso 10 ló dúró títí. Nínú àwọn ọmọ Jámánì tí ọjọ́ orí wọn bá tiwọn mu, kò tó 3 nínú 10. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nso jókòó jẹ́ẹ́. Àwọn mìíràn tiẹ̀ sùn lọ. Láti kékeré ni àwọn ìyá Nso ti ń kọ́ ọmọ láti mú ara dúró. Òbí Yorùbá tó bá ka èyí á rí ilé tirẹ̀ níbẹ̀: ọmọ tí ìyá rẹ̀ kàn wò lójú nígbà tí àlejò ń jẹun, tó sì gbọ́ ohun tí ojú yẹn sọ.

Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra. Ọmọ tó dúró nítorí pé pàṣán wà lára ògiri, pàṣán ló ń darí rẹ̀, kì í ṣe òun. Lọ́jọ́ tó bá lọ sí yunifásítì, tí kò sí ojú ìyá níbẹ̀ mọ́, a ó mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Ìdánwò mìíràn ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2013, fi ohun tó ń mú kí ìdúró di ti ọmọ hàn wá. Kí wọ́n tó gbé ohun aládùn kalẹ̀, àgbàlagbà kan kọ́kọ́ ṣe ìlérí fún ọmọ. Ó mú tirẹ̀ ṣẹ fún àwọn kan, ó já àwọn yòókù kulẹ̀. Àwọn tó mú ìlérí ṣẹ fún dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 12. Àwọn tó já kulẹ̀ dúró fún nǹkan bí 3. Bàbá tó bá sọ fún ọmọ pé "màá rà á fún ẹ lọ́jọ́ Sátidé" tí kò sì rà á, ẹ̀kọ́ tó kọ́ ọmọ náà ni pé òmùgọ̀ ló ń dúró.

Àǹfààní ìkóra-ẹni-níjàánu sì pọ̀. Ní ìlú Dunedin ní New Zealand, wọ́n tẹ̀ lé ohun tó lé ní 1,000 ọmọ tí wọ́n bí láàrin ọdún 1972 sí 1973 láti kékeré. Nígbà tí wọ́n pé ọdún 32, àwọn tí ìkóra-ẹni-níjàánu wọn kéré lọ́mọdé ni àìsàn, gbèsè àti ẹjọ́ ọ̀daràn pọ̀ sí lọ́dọ̀ wọn, kódà láàrin àwọn tí wọ́n jọ wá láti irú ilé kan náà. Èyí tó fún mi nírètí jù ni pé àwọn tí tiwọn pọ̀ sí i bí wọ́n ṣe ń dàgbà rí èrè rẹ̀. A lè kọ́ ọ.

Bí a ṣe ń kọ́ ọ

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú èémí, nítorí ó wà lára iṣẹ́ tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀ tí a tún lè mú lọ́wọ́ tìrọ̀rùn. A kò lè pàṣẹ fún ọkàn pé kó rọra lù. Ṣùgbọ́n bí a bá ń mí síta pẹ́ ju bí a ṣe ń mí sínú lọ, bí ẹ̀ẹ̀mẹfà láàrin ìṣẹ́jú kan, iṣan kan tó ti ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ dé ọkàn á sọ fún un pé ewu ti lọ. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ nísinsìnyí tí inú kò bí yín. Ohun tí a kò bá kọ́ nígbà ìrọ̀rùn kì í rántí wa nígbà ìjà.

Èkejì ni kí a ti pinnu kí ọjọ́ tó dé. Peter Gollwitzer, onímọ̀ ìhùwàsí ọmọ Jámánì, fi hàn pé ìpinnu gbọọrọ bíi "màá máa mú sùúrù" kò lágbára tó ìpinnu tó ní "bí" nínú. Bí ọkọ̀ kan bá já wọ iwájú mi ní oríta Adégbọ́lá ní Àkúrẹ́, màá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tìrótù, màá mí síta lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí ọ̀gá mi bá sọ̀rọ̀ sí mi láàrin èèyàn, màá ní "Ẹ ṣeun sà, ẹ jẹ́ kí n lọ yẹ̀ ẹ́ wò," màá sì padà wá bá a ní kọ̀rọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí agogo bá lù, kò ní sí àyè láti ronú. Ohun tí a ti rò sílẹ̀ la máa rí lò.

Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe bá ohun tí a lè yàgò fún jà. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ẹni tó ní ìkóra-ẹni-níjàánu ni ẹni tó ń di eyín mọ́ ara wọn láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ìwádìí fi hàn pé irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ kì í sábà bá ìdánwò jà, nítorí wọ́n ti to ayé wọn kí ìdánwò má lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Gbé iyọ̀ kúrò lórí tábìlì. Gbé fóònù sí yàrá mìíràn kí o tó sùn, kí oorun wákàtí 7 lè pé, nítorí ọpọlọ tí kò sùn kì í lè di agogo mú. Àwọn ìyá wa ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́ mọ èyí kí ìwé tó kọ ọ́. Kí ni àjọ? Obìnrin tó ń fi owó fún alájọ lójoojúmọ́ mọ̀ pé owó tó wà nínú àpò aṣọ òun máa di aṣọ ẹbí kí oṣù tó parí. Kò bá ọwọ́ ara rẹ̀ jà. Ó gbé owó síbi tí ọwọ́ náà kò dé. Ìjàánu owó ni alájọ.

Ẹ̀kẹrin, fa ìlà sáàrin ìwé kan lálẹ́. Lápá kan, kọ ohun tó gba ọkàn rẹ lónìí tí kò sí lọ́wọ́ rẹ: dọ́là, iná tí wọ́n mú lọ, ohun tí àna ń sọ. Lápá kejì, kọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ nínú ọ̀rọ̀ kan náà: àkókò tí o ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹni tí o ń tà láwìn fún, ohùn tí o fi dá àna lóhùn. Wàá rí i pé apá kejì kì í ṣófo. Iṣẹ́ ọ̀la wà níbẹ̀.

Ibi tí kò dé

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí ketekete, nítorí a ti fi ọ̀rọ̀ sùúrù pa àwọn èèyàn lẹ́nu mọ́ rí. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù kò nílò ẹ̀kọ́ nípa èémí. Ó nílò ilẹ̀kùn, ẹbí tó máa gbà á sílé, àti òfin. Ẹni tí ìbànújẹ́ ti mú fún ọ̀sẹ̀ méjì tí kò lè jẹun, tí kò lè sùn, tó ń ro ikú, kò ya ọ̀lẹ. Àìsàn ló ń ṣe é, dókítà ló yẹ kó rí. Ẹni tí tramadol ti dè kò lè fi ìpinnu nìkan já okùn náà. Ìjọba tí kò ṣe ojúṣe rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ fi sùúrù ará ìlú ṣe ìrọ̀rí. Bíbéèrè ẹ̀tọ́ wà nínú apá kejì ìwé tí a fa ìlà sí yẹn: ọwọ́ wa ló wà, a sì gbọ́dọ̀ ṣe é. Ẹni tó fẹ́ béèrè rẹ̀ títí yóò fi rí i gbà ló nílò ìjàánu jù, nítorí ọ̀nà ilé ẹjọ́ gùn, ọ̀nà ìdìbò gùn, ẹni tí ìbínú bá ti gùn mọ́lẹ̀ kì í sì dé òpin wọn. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Àwọn méjèèjì jọ ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Ẹnì kan ló máa rí i gbà.

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Oǹdó kọjá nígbà ìkórè, ẹ ó rí kòkó tí wọ́n sá síwájú ilé. Ẹ dúró wò ó nígbà tí ojú ọ̀run bá ṣú. Àgbẹ̀ tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí kì í gbójú sókè bá òjò sọ̀rọ̀. Bí àrá àkọ́kọ́ bá ti sán, ó ti na ọwọ́ sí tàpólì. Ìyàwó rẹ̀ ti di etí kan mú, ọmọ ti di èkejì, òkúta ti wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí ẹ̀kán òjò tó kan ilẹ̀, kòkó ti wà lábẹ́ ìbòrí. Wọ́n á wá jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí òjò rọ̀ bó ṣe fẹ́. Nígbà tó bá dá, wọ́n á ká tàpólì kúrò, wọ́n á sì máa sá kòkó náà lọ.